Àwòrán Àfipákótẹ̀ Àwọn Oníjàkadì Sumo ní Ilẹ̀ Jàpáànì: Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Kà Á Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Ìtàn

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí àwọn àwòrán tí àwọn ará Jàpáànì fi pákó tẹ̀ nípa àwọn oníjàkadì sumo, láti nǹkan bí ọdún 1780 títí di ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àwòrán náà, àwọn ayàwòrán tó gbajúmọ̀ nídìí rẹ̀, ohun tí a lè rí kà lára rẹ̀, àti ibi tí ó ti lè ṣi ni lọ́nà. Èrò tí iṣẹ́ yìí dúró lé ni pé àwòrán tí wọ́n ṣe fún títà lọ́jà lè di ẹ̀rí ìtàn pàtàkì, bí ẹni tó ń wò ó bá mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi í. A fi ìlànà ìbéèrè márùn-ún parí iṣẹ́ náà, èyí tí àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ lè lò nínú kíláàsì iṣẹ́ ọnà, ti ìtàn àti ti èdè.

1.0 Ìfáárà

Bí a bá gbé àwòrán síwájú akẹ́kọ̀ọ́ tí a sì bi í pé kí ló rí, ohun tó kọ́kọ́ kọlu ojú rẹ̀ ni yóò sọ. Bí ó bá jẹ́ àwòrán oníjàkadì sumo ni, yóò ní òun rí ọkùnrin ńlá kan tó wọ bàǹtẹ́. Kò purọ́, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ kò tó. Lára àwòrán kan náà ni orúkọ ọkùnrin náà sábà máa ń wà, àti agbègbè tí wọ́n ń pè é mọ́, àmì ìjòyè tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, orúkọ ẹni tó ya àwòrán, àmì ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde, àti òǹtẹ̀ tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tà á. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó yẹ kó wò yóò kọjá lára gbogbo ìwọ̀nyí láì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ojoojúmọ́ ni àwòrán ń wọlé sọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, nínú ìwé, lórí fóònù àti lára ògiri. Bí olùkọ́ kò bá lè ya ohun tí àwòrán fi hàn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó kàn ń polówó, kò ní lè kọ́ ọmọ kí ó mọ̀ ọ́n. A yan àwòrán sumo nítorí pé ó jìnnà sí wa. Kò sí ẹni tó máa rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, nítorí náà gbogbo wa ni a ó jọ fara balẹ̀ wò ó.

2.0 Sumo ní Ìlú Edo

Ìlú Edo ni orúkọ tí wọ́n ń pe Tokyo kí ó tó di olú-ìlú Jàpáànì lábẹ́ ọba Meiji. Láti ọdún 1603 títí di 1868, ìdílé Tokugawa ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà láti Edo. Olórí wọn ni wọ́n ń pè ní shogun. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ìjòyè tí wọ́n ní ilẹ̀ tiwọn wà, tí wọ́n ń pè ní daimyo.

Sumo ti wà tipẹ́tipẹ́ kí Edo tó di ìlú ńlá, ó sì tan mọ́ ẹ̀sìn Shinto. Títí di òní, oníjàkadì máa ń da iyọ̀ sórí ilẹ̀ ìjà láti fi wẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ó tó bá ẹnì kejì rẹ̀ wọ̀yá ìjà. Ní àsìkò Edo, irú sumo tí ará ìlú ń sanwó wò ni wọ́n ń pè ní kanjin-zumo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ń jà kí wọ́n lè kó owó jọ fún kíkọ́ tàbí títún ojúbọ àti tẹ́ńpìlì ṣe. Ní 1684 ni ìjọba fọwọ́ sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní ojúbọ Tomioka Hachiman ní Edo. Nígbà tó yá, tẹ́ńpìlì Eko-in ní agbègbè Ryogoku di ojúkò ìjà, pàápàá láti 1833. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìdíje ńlá máa ń wáyé ní Edo, ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá sì ni. Gbangba ìta ni wọ́n ti ń jà, nítorí náà bí òjò bá rọ̀, ìjà di ọjọ́ mìíràn.

Àwọn ìjòyè daimyo máa ń gba àwọn oníjàkadì tó mọṣẹ́ sọ́dọ̀. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń wọ̀ wọ́n láṣọ, orúkọ ìjòyè náà sì ń ga nígbàkigbà tí ọmọ rẹ̀ bá dá ẹlòmíràn. Èyí ló fà á tí aṣọ oníjàkadì nínú àwòrán fi kún fún àmì, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú.

Ohun kan wà tó yẹ kí a fi sọ́kàn. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn obìnrin wọlé wo ìdíje yìí ní Edo. Ẹ̀yìn 1870 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àwọn tó ń gbé ní ìgbèríko náà kì í sábà rí àwọn oníjàkadì ńlá àfi nígbà tí wọ́n bá rìnrìn àjò dé ọ̀dọ̀ wọn. Fún àwọn wọ̀nyí, àwòrán ni wọ́n fi mọ ẹni tí gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ rẹ̀.

3.0 Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Àwòrán Náà

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ayàwòrán ni a sábà máa ń dá, èèyàn mẹ́rin ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe àwòrán àfipákótẹ̀ kan.

Ẹni àkọ́kọ́ ni agbátẹrù. Òun ló ní owó, òun ló ń wòye ohun tí ọjà ń fẹ́, òun ló ń gbé iṣẹ́ fún àwọn yòókù, òun náà ló sì ń ta àwòrán. Bí oníjàkadì kan bá di gbajúmọ̀ lóṣù yìí, agbátẹrù fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kí ariwo tó rọlẹ̀.

Ẹnì kejì ni ayàwòrán. Gègé onírun ni ó fi ń ya àwòrán sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kì í gbẹ́ pákó, kì í sì í tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹnì kẹta ni agbẹ́gi. Yóò lẹ bébà ayàwòrán mọ́ pákó igi ṣẹ́rì, ní ìdojúbolẹ̀. Ìdí tó fi dojú rẹ̀ bolẹ̀ ni pé ohun tí a bá gbẹ́ sára pákó yóò yí padà nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́: apá òsì á di ọ̀tún, lẹ́tà á sì kọjú sí òdì. Bí bébà bá ti dojú bolẹ̀, àwòrán náà ti yí padà kí ó tó gbẹ́ ẹ, yóò sì bọ́ sí ipò tó tọ́ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Agbẹ́gi yóò gé gbogbo ibi tí kò sí ìlà kúrò, yóò sì fi ibi tó ní ìlà sílẹ̀ kí ó yọ gedegbe. Bí ó ti ń gbẹ́ ẹ ni bébà ayàwòrán ń bàjẹ́ lọ. Nítorí náà, kì í sí àwòrán àkọ́kọ́ kankan tí a lè tọ́ka sí lẹ́yìn iṣẹ́. Gbogbo ẹ̀dà tó jáde ni ojúlówó.

Ẹnì kẹrin ni atẹ̀wé. Kò ní ẹ̀rọ kankan. Yóò fi búrọ́ọ̀ṣì pa àwọ̀ sára pákó, yóò tẹ́ bébà tó ti rin díẹ̀ lé e, yóò sì fi ohun èlò róbótó kan tí wọ́n fi òwú oparun ká, tí wọ́n sì fi èèpo oparun bò, ra ẹ̀yìn bébà náà títí àwọ̀ yóò fi wọ̀ ọ́. Baren ni wọ́n ń pe ohun èlò náà. Pákó kan wà fún ìlà dúdú, pákó mìíràn sì wà fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí àwọ̀ má baà yà kúrò níbi tó yẹ, agbẹ́gi máa ń gbẹ́ àmì méjì sí etí pákó kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní igun, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni atẹ̀wé máa ń fi etí bébà sí nígbàkigbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́. Kento ni orúkọ àmì yìí. Láti 1765, nígbà tí ayàwòrán Suzuki Harunobu gbajúmọ̀, ni títẹ àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ ti di ohun tó wọ́pọ̀ ní Edo.

Bébà tí wọ́n ń lò ni èyí tí wọ́n fi èèpo igi kozo ṣe. Ó le, ó sì lè fara da títẹ̀ léraléra. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù fún àwòrán sumo ni èyí tí wọ́n ń pè ní oban, tó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 38 ní gígùn àti 26 ní ìbú. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìjà hàn pẹ̀lú èrò ìwòran, wọ́n a to bébà mẹ́ta pọ̀. Owó rẹ̀ kò wọ́n. Ìwọ̀n owó tí èèyàn máa fi jẹun lẹ́ẹ̀kan ní ilé olóúnjẹ lè ra àwòrán kan. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ ọwọ́ àti alágbàṣe fi lè ní i nílé.

4.0 Láti Oníjàkadì sí Ẹni Tí A Mọ Ojú Rẹ̀

Kí ó tó di ọdún 1780, ara ńlá ni àwọn ayàwòrán sábà máa ń fi mọ oníjàkadì. Bí wọn kò bá kọ orúkọ sí i, ó ṣòro láti mọ ẹni tí àwòrán jẹ́. Katsukawa Shunsho ló yí èyí padà. Àwòrán àwọn òṣèré tíátà kabuki ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí, nítorí pé ó máa ń ya ojú òṣèré kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe rí gan-an, tí ẹni tó mọ òṣèré náà á fi dá a mọ̀. Ní nǹkan bí 1782 ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọgbọ́n yìí fún àwọn oníjàkadì. Imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìrun ojú àti bí àyà ṣe yọ síwájú wá ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán oníjàkadì méjì, àwọ̀ ara wọn pàápàá yàtọ̀, ọ̀kan pọ́n, èkejì sì dúdú díẹ̀, kí a lè mọ ọwọ́ tí í ṣe ti ta ni nígbà tí wọ́n bá dìmọ́ra.

Àsìkò tó bẹ̀rẹ̀ yìí bọ́ sí i. Ní ọdún 1782 kan náà ni Onogawa Kisaburo dá Tanikaze Kajinosuke. Tanikaze ti jà ní ìgbà 63 láì ṣubú kí ọjọ́ náà tó dé, ẹnikẹ́ni kò sì kọjá iye yẹn títí Futabayama fi jà dé 69 ní 1939. Tanikaze ga, ó sì tóbi. Onogawa kéré sí i púpọ̀. Gbogbo Edo fẹ́ mọ ojú ẹni tó dá àgbà. Ní 1789, ìdílé Yoshida tó ń bójú tó òfin sumo fún àwọn méjèèjì ní àṣẹ láti máa ró okùn funfun ńlá kan mọ́ ìdí nígbà tí wọ́n bá ń wọ ilẹ̀ ìjà. Okùn náà ni yokozuna. Ní 1791, shogun Tokugawa Ienari fúnra rẹ̀ wo ìjà sumo nínú ààfin Edo. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún lè sọ pé eré àwọn ọmọ ojú títì lásán ni.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ Shunsho ń bá a lọ. Lára wọn ni Shunko àti Shun'ei. Wọ́n ya Tanikaze àti Onogawa, wọ́n sì ya Raiden Tameemon, tó dìde lẹ́yìn wọn.

Ní 1794, ayàwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Sharaku fi iṣẹ́ rẹ̀ ya Edo lẹ́nu. Kò lò ju nǹkan bí oṣù mẹ́wàá lọ nídìí iṣẹ́ náà, a kò sì tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Àwòrán òṣèré ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ó ya ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Daidozan Bungoro. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ náà nígbà náà gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Jàpáànì ṣe ń ka ọjọ́ orí, ara rẹ̀ sì tóbi ju ti ọjọ́ orí rẹ̀ lọ fíìfíì. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn máa ń mú un wọ ilẹ̀ ìjà pẹ̀lú ayẹyẹ kí èrò lè rí i ni. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe ìjà nìkan ni àwọn èèyàn ń sanwó fún. Wọ́n ń sanwó fún ìyanu pẹ̀lú.

5.0 Ohun Tí A Lè Kà Lára Àwòrán

5.1 Orúkọ

Orúkọ oníjàkadì kì í ṣe orúkọ tí òbí sọ ọ́. Orúkọ iṣẹ́ ni, ó sì sábà máa ń dárúkọ òkè, odò, ìjì tàbí àrá. Raiden, fún àpẹẹrẹ, jẹ mọ́ àrá àti mànàmáná. Oníjàkadì lè yí orúkọ padà bí ipò rẹ̀ ti ń ga. Èyí wúlò fún wa gidigidi. Ní Edo, láti 1757, wọ́n máa ń tẹ ìwé ipò kan jáde fún ìdíje kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní banzuke, tó to orúkọ gbogbo oníjàkadì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá fi orúkọ ara àwòrán wé orúkọ inú ìwé ipò, a lè mọ àsìkò tí wọ́n tẹ àwòrán náà, nígbà mìíràn a tilẹ̀ lè mọ ìdíje tó jẹ́.

5.2 Bàǹtẹ́ àti àmì

Bàǹtẹ́ méjì ni oníjàkadì ní. Ọ̀kan ni èyí tó fi ń jà. Èkejì ni bàǹtẹ́ ọ̀ṣọ́, tó ní aṣọ gbòòrò níwájú, tí wọ́n fi òwú oníyebíye kọ iṣẹ́ sí. Ìgbà ayẹyẹ wíwọlé ni wọ́n ń ró o. Ara rẹ̀ ni àmì tàbí àwọ̀ ìjòyè daimyo máa ń wà. Raiden wà lọ́dọ̀ ìjòyè Matsue, ẹni tó bá sì mọ àmì ìdílé náà yóò mọ ilé tí oníjàkadì náà ti wá kí ó tó ka lẹ́tà kan.

5.3 Rẹfirí àti ilẹ̀ ìjà

Rẹfirí sumo, tí wọ́n ń pè ní gyoji, máa ń mú abẹ̀bẹ̀ kan lọ́wọ́ tó dà bí èyí tí àwọn ọ̀gágun fi ń darí ọmọ ogun láyé àtijọ́. Òun ni ó fi ń tọ́ka sí ẹni tó borí. Nínú àwọn àwòrán àtijọ́, òpó mẹ́rin ló gbé òrùlé ilẹ̀ ìjà ró. Ní 1952 ni wọ́n yọ òpó náà kúrò tí wọ́n sì fi okùn gbé òrùlé kọ́ láti òkè, kí èrò lè ríran dáadáa. Ilẹ̀ ìjà pàápàá kéré sí ti ìsinsìnyí, nítorí pé 1931 ni wọ́n sọ ìbú rẹ̀ di mítà 4.55. Ẹni tó fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ìjà ṣe rí nígbà náà kò ní ibòmíràn tó dára ju àwòrán wọ̀nyí lọ.

5.4 Òǹtẹ̀ àyẹ̀wò

Láti 1790, agbátẹrù kò gbọdọ̀ tẹ àwòrán láì jẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Òǹtẹ̀ kékeré tí wọ́n gbẹ́ sára pákó ló ń fi hàn pé ó ti kọjá. Bí òfin ti ń yí padà ni òǹtẹ̀ náà ń yí padà, nítorí náà ó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ mìíràn fún mímọ ọdún tí àwòrán jáde. Ní 1842, ìjọba fòfin de àwòrán àwọn òṣèré àti ti àwọn obìnrin afẹ́. Oníjàkadì kò sí nínú àwọn tí òfin náà dárúkọ. Utagawa Kunisada, tó gbé ayé láti 1786 sí 1865, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ya oníjàkadì ní àkókò yìí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí lónìí bí wọ́n bá wá àwòrán sumo.

6.0 Ibi Tí Àwòrán Ti Lè Ṣi Ni Lọ́nà

Ẹni tó bá gba gbogbo ohun tí àwòrán sọ láì bi í léèrè yóò ṣìnà. A ó mú àpẹẹrẹ mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni ti okùn yokozuna. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá to àwòrán Tanikaze tó ró okùn ti àwòrán Raiden tí kò ró o, yóò rò pé Tanikaze ni ọ̀gá, pé Raiden kò tó o. Bẹ́ẹ̀, nínú ìdíje ńlá Edo, ìgbà 254 ni Raiden borí, ìgbà 10 péré ló ṣubú. Kò sí ẹni tí a mọ̀ ní àsìkò rẹ̀ tó ṣe tó bẹ́ẹ̀. Òye ọ̀rọ̀ náà ni pé okùn náà kì í ṣe ipò nígbà yẹn, àṣẹ ayẹyẹ ni. Ipò tó ga jù nínú ìwé ipò ni ozeki, ibẹ̀ ni Raiden sì wà. Ẹni tó fi ojú òní, nígbà tí yokozuna ti di ipò tó ga jù, wo àwòrán àná yóò ka ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ìkejì ni ti àwọn òǹwòran. Nínú àwòrán onítọ́ńtọ́ tó fi èrò hàn ní Edo, ọkùnrin ló kún ibẹ̀. Bí a bá parí èrò sí pé obìnrin kò fẹ́ràn sumo, a ti ṣìnà. Òfin ló lé wọn sẹ́yìn. Àìsí ẹnì kan nínú àwòrán kì í sọ ìdí tí kò fi sí níbẹ̀.

Ìkẹta ni ti àwọ̀. Àwọ̀ búlúù tí wọ́n fún láti ara òdòdó, àti pupa tí wọ́n rí láti ara òdòdó mìíràn, kì í pẹ́ ṣí bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án. Búlúù á di bí àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀, pupa á funfun. Nítorí náà, aṣọ tó dà bí aṣọ ìgbàlódé oníjẹ̀lẹ́ńkẹ́ nínú àwòrán tí à ń wò lónìí lè ti tàn yòyò lọ́jọ́ tí wọ́n tà á. Láti bí ọdún 1830 ni búlúù tuntun kan tí àwọn ará Yúróòpù ń ṣe ti gbilẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ìyẹn kì í ṣí bọ̀rọ̀. Èyí ló fà á tí búlúù fi dúró dáadáa nínú iṣẹ́ Kunisada ju ti inú iṣẹ́ Shunsho lọ.

Ìkẹrin ló le jù. Ní 1854, nígbà tí ọ̀gágun orí omi Amẹ́ríkà, Matthew Perry, padà wá sí Jàpáànì pẹ̀lú ọkọ̀ ogun láti bá wọn ṣe àdéhùn, ìjọba Edo kó àwọn oníjàkadì wá sí Yokohama. Wọ́n gbé àpò ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ fi ta àwọn àlejò lọ́rẹ lójú wọn, wọ́n sì jà kí wọ́n wò ó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, àkọsílẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà náà jẹ́rìí sí i. Àmọ́ nígbà tó di 1861, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí èbúté Yokohama fún àwọn àjèjì, àwòrán jáde tí oníjàkadì ti gbé òyìnbó sókè tó fẹ́ dà á nù. Àwòrán ti 1861 kò dúró lórí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé agbátẹrù mọ̀ pé àwọn èèyàn yóò rà á. Ẹ̀rí ohun tó ń dun àwọn ará Edo lọ́kàn ni àwòrán náà jẹ́, kò tó láti fi ẹ̀rí ìjà kan pàtó hàn. Bí a bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú ẹ̀rí méjì yìí, a ti kọ́ ọ ní ohun tó pọ̀.

7.0 Bí Ọjà Náà Ṣe Rọlẹ̀ àti Ibi Tí Àwòrán Náà Dé

Ní 1868, ìjọba Tokugawa ṣubú, àkóso sì padà sọ́wọ́ ọba Meiji. Ní 1871, ìjọba tuntun pa ilẹ̀ àwọn daimyo rẹ́. Báyìí ni àwọn oníjàkadì pàdánù àwọn tó ń bọ́ wọn. Àwọn ọ̀làjú tuntun tilẹ̀ ń wò ó pé kí èèyàn wà níhòòhò ní gbangba kò bójú mu lójú àwọn òyìnbó. Ohun tó gbé sumo dìde padà ni bí ọba Meiji ṣe jókòó wò ó ní gbangba ní 1884. Àwọn ayàwòrán yára tẹ àwòrán ọjọ́ náà jáde. Àmọ́ fọ́tò àti ìwé ìròyìn ti ń gba ọjà lọ́wọ́ pákó. Nígbà tí wọ́n ṣí Kokugikan, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n kọ́ fún sumo ní Ryogoku, ní 1909, fọ́tò ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń mọ ojú oníjàkadì.

Àwọn àwòrán náà ti rìn jìnnà kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní 1868, ayàwòrán Faransé Édouard Manet ya òǹkọ̀wé Émile Zola lórí àga ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Lára ògiri lẹ́yìn Zola ni àwòrán oníjàkadì sumo kan wà. Iṣẹ́ Utagawa Kuniaki kejì ni, tó ya oníjàkadì Onaruto Nadaemon ní 1860. Ọdún mẹ́jọ péré ni àwòrán olówó pọ́ọ́kú láti Edo fi dé inú iṣẹ́ ọnà tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Orsay ní Paris lónìí. Ní ilẹ̀ Jàpáànì fúnra rẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sumo tó wà nínú Kokugikan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

8.0 Ohun Tí Èyí Kan Nínú Iṣẹ́ Olùkọ́ni

A dá a lábàá pé kí ẹni tó ń kọ́ olùkọ́ máa lo ìbéèrè márùn-ún yìí fún àwòrán yòówù kó jẹ́:

(i) Kí ni mo rí gan-an, kí n tó sọ ohun tí mo rò?
(ii) Kí ni wọ́n kọ tàbí wọ́n tẹ̀ sí i lára, kí sì ni àmì kọ̀ọ̀kan ń sọ?
(iii) Ta ló náwó sí i, ta ni wọ́n sì fẹ́ kó rà á?
(iv) Ta ni kò sí níbẹ̀, kí ló sì lè fà á?
(v) Àkọsílẹ̀ mìíràn wo ni mo lè fi wé e kí n tó gbà á gbọ́?

Àpẹẹrẹ Raiden bọ́ sí ìbéèrè karùn-ún. Àpẹẹrẹ òǹwòran bọ́ sí ìkẹrin. Àwòrán oníjàkadì àti òyìnbó bọ́ sí ìkẹta. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó nílò kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ èdè Jàpáànì kó tó bẹ̀rẹ̀.

Fún kíláàsì iṣẹ́ ọnà, pínpín iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rin náà wúlò. Olùkọ́ lè pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin: agbátẹrù, ayàwòrán, agbẹ́gi àti atẹ̀wé. Ibi tí pákó tó dára kò bá sí, wọ́n lè lo línò, iṣu, tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó. Ẹ̀yìn ṣíbí onígi lè ṣe iṣẹ́ baren. Kí wọ́n gbẹ́ àmì kento méjì sí etí rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ àwọ̀ méjì ó kéré tán. Ẹgbẹ́ tí orúkọ bá kọjú sí òdì lọ́wọ́ rẹ̀ yóò lóye ìdí tí agbẹ́gi Edo fi ń dojú bébà bolẹ̀, kò sì ní gbàgbé rẹ̀.

Ní ti rírí àwòrán lò, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bíi Metropolitan ní New York àti Art Institute ní Chicago ti gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti wà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Olùkọ́ tó bá wà wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè lò wọ́n ní kíláàsì tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

9.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àwòrán sumo bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjà, pé èèyàn mẹ́rin ló ń ṣe é, àti pé láti ọ̀dọ̀ Shunsho ni ojú ẹni kọ̀ọ̀kan ti wá hàn gbangba nínú rẹ̀. A ti rí i pé orúkọ, bàǹtẹ́, ilẹ̀ ìjà àti òǹtẹ̀ lè jẹ́ ká mọ àsìkò àti ilé tí ó ti wá. A sì ti rí i pé okùn, èrò, àwọ̀ àti ìfẹ́ inú òǹrajà lè ṣi ẹni tí kò fara balẹ̀ lọ́nà. Àwòrán kò purọ́, kò sì sọ gbogbo òótọ́ tán. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti fi ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ han ọmọ.

A dábàá pé kí àwọn kọ́lẹ́jì ẹ̀kọ́ fi kíka àwòrán kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ń ṣe ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti ti ìtàn papọ̀, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ fún ẹ̀ka kan ṣoṣo. Kí olùkọ́ èdè náà sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi èdè abínibí wọn ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí, nítorí pé èdè tí ọmọ fi ń ronú ni yóò fi rí ohun tó kéré jù lára àwòrán.